Òdo Inú Rẹ́jísítà

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ọjọ́ta, l'Ékòó, rẹ́jísítà ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí láàárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì rárá. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó rí ní kíláàsì wa mọ ìwé gbọọrọ yẹn: orúkọ ọmọ lápá òsì, àpótí wẹ́wẹ́ tó tò lọ síwájú, méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún àárọ̀, ọ̀kan fún ọ̀sán. Ọmọ tó bá wá, tíṣà á fa ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ sí i. Ọmọ tí kò bá wá, òdo. Bí sáà bá ti ń lọ sópin, ojú ìwé náà á dà bí ẹní tí wọ́n hun, òdo á sì wà káàkiri ara rẹ̀ bí ibi tí ikán ti lu.

Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, irun ṣùkú ni wọ́n sábà máa ń dì fún un. Orí rẹ̀ pé, ó lẹ́nu, orin ló fi máa ń bá mi nu pátákó. Ṣùgbọ́n tí a bá ń kàwé Yorùbá, tó sì kan "àgbàdo", ó máa dúró. Á wo ọ̀rọ̀ náà, á wò mí lójú, á wá sọ pé, "À-gí-bà-do." Mo tún un ṣe fún un. Lọ́jọ́ kejì, à-gí-bà-do náà ni. "Gbogbo" di gí-bo-gí-bo, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rò pé ojú ló ń dùn ún. Mo rò pé kò fọkàn sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé kí n yẹ rẹ́jísítà wò. Ọjọ́ Ẹtì ni mo kọ́ wọn ní GB. Òdo ló wà níwájú orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wá ka ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà: nínú ọjọ́ Ẹtì mọ́kànlá, mẹ́jọ ni kò wá.

Mẹ́jọ! Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ òdo ọjọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò sì rí wọn. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Lójoojúmọ́, òòró ni mo ń wo ìwé náà: ta ló wá lónìí, ta ni kò wá, mélòó ni wọ́n. Tí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta bá pa ilé-ìwé jẹ nínú ogójì, kíláàsì kún nìyẹn, inú ọ̀gá á dùn. N kò fìgbà kan wò ó níbùú, láti orúkọ ọmọ kan lọ títí dé ìparí ìlà rẹ̀.

Mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó pọn ọmọ kan, ó fa ọ̀kan lọ́wọ́, òórùn ata rodo ń bọ̀ lára ìró rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Àǹtí. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí wàhálà, Ìyá Ìbejì. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni."

"Hà, Àǹtí, Jímọ̀ kẹ̀ lọjà wa. Ọjọ́ yẹn làwọn olóúnjẹ òde ń ra ata tí wọ́n máa fi dáná Sátidé. Tí n kò bá tíì dé Máìlì 12 ní aago márùn-ún ìdájí, èyí tó dáa ti tán nínú apẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbé ọ̀kan nínú wọn dání, ẹ̀gbọ́n wọn á dúró ti ìkejì lọ́dọ̀ màmá àgbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni. Ọmọ kékeré náà ṣì ni, Àǹtí, kí ló tíì ń kọ́ gan-an?"

N kò bá a jà. Ẹni tó ń fi ata bọ́ ọmọ mẹ́ta kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù fún òun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá onímọ́tò, lẹ́nu ìyá tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, kódà lẹ́nu tíṣà. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà ń kọ́ tí ọjọ́ kan fi lè dí i lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí GB. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló jẹ́ àmì méjì tó so pọ̀ tí a ń pè lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ yìí ti mọ g, ó ti mọ b. Ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, g dá dúró, b dá dúró. Nígbà tó rí àgbàdo, ohun tó mọ̀ ló lò, ó sì lò ó bí ọlọ́gbọ́n. Ohun tí kò ní ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a fi lanu papọ̀, tí a pe gba, gbe, gbi, tí mo sì sọ pé ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, agbádá àti ìgbálẹ̀ ni a kà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbólóhùn. N kò padà sórí GB mọ́, torí mo gbà pé gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọmọdé ṣe rí: àkàsọ̀ ni. Àgbàlagbà tí kò bá sí nípàdé lè ka àkọsílẹ̀ ìpàdé lẹ́yìn náà. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà kò lè ka ohun tó pàdánù.

A bí ọmọ mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni, a kò bí i mọ́ ìwé kíkà. Ó ti pẹ́ jọjọ tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀, ọmọ tó bá sì ń gbé láàárín àwọn tó ń sọ Yorùbá á sọ ọ́ láìsí tíṣà. Ìwé kíkọ ńkọ́? Gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀ láyé kò ju bí ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún lọ, kò sì sí àyè kan tí ọpọlọ pèsè sílẹ̀ fún un. Stanislas Dehaene, onímọ̀ ọpọlọ ará Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí hàn pé bí ènìyàn bá ti ń kọ́ ìwé kíkà, apá kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ, lápá òsì lẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ mọ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí a fi ń dá ojú ènìyàn àti nǹkan mọ̀. Ẹni tó ń ka Faransé àti ẹni tó ń ka èdè Ṣáínà, ibì kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹni tí kò kàwé rí kò lo ibẹ̀ fún lẹ́tà, nǹkan mìíràn ló ń bá a ṣe. Nítorí náà, tíṣà praimárì kìíní ń la ọ̀nà sínú igbó gidi ni. Ẹsẹ̀ ló ń la ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó rìn ín ní ogún ìgbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tó wá fi í sílẹ̀ fún oṣù kan, koríko ni yóò bá níbẹ̀.

Ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus ti wọn koríko yẹn. Ó jókòó ti ara rẹ̀, ó há ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó wá ń dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, títí dé oṣù kan. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1885. Láàárín wákàtí kan péré, ohun tó ti lọ ju ìdajì. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbàgbé ń rọra rìn. Ó tún rí i pé ohun tí a tún kà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń dúró ju ohun tí a rọ́ sórí lọ́jọ́ kan lọ. Gbogbo tíṣà àtijọ́ ló mọ èyí láìka Ebbinghaus, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú "Kí la kọ́ lánàá?" Ọmọ tí kò wá lọ́jọ́ Ẹtì pàdánù ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ó tún pàdánù àtúnsọ ẹ̀kọ́ ọjọ́bọ̀, èyí tó ti gbọ́ tó sì ti ń yọ́ lọ lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan tí kò wá jẹ méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Tí a bá yọ ìsinmi àti ọjọ́ ọdún kúrò nínú sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ ilé-ìwé nínú ọdún kan tó bí 180. Ọmọ tó ń pa ọjọ́ méjì jẹ lóṣù, fún oṣù mẹ́sàn-án, ti pàdánù méjìdínlógún, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ibẹ̀ gan-an làwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fa ìlà sí: bó bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, wọ́n á ní àìwá ọmọ yẹn ti di bárakú, ìbáà jẹ́ àìsàn ló fà á tàbí ìrìn àjò. Ní 2008, Hedy Chang àti Mariajosé Romero gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé níbẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi kò ṣe dáadáa tó ẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì kìíní, àti pé láàárín ọmọ tálákà, àpá rẹ̀ ṣì hàn ní kíláàsì karùn-ún. Ọmọ olówó ní ìwé nílé, ó ní ẹni tó máa kà á fún un. Ọmọ tálákà, kíláàsì nìkan ló ní.

Ti ọmọ onírun ṣùkú wá burú ju méjì lóṣù lọ. Ẹni tó bá ń pa gbogbo ọjọ́ Ẹtì jẹ, ìdá kan nínú márùn-ún ilé-ìwé ló ń pa jẹ. Tó bá fi máa parí praimárì ọlọ́dún mẹ́fà, ó ti lo ohun tó ju ọdún kan gbáko lọ nílé, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú rẹ́jísítà lọ́jọ́ kan. Tí aláṣẹ bá wá kà wá, ó wà níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi orúkọ ka ọmọ nílẹ̀ wa. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olóòtú Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí S.O. Awókọ́yà sì ti ṣètò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní praimárì. Ìlú Èkó fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, kò sí nínú ètò yẹn. Àwọn ìlú ẹ̀yìn odi Èkó bíi Kétu àti Ìkòsì ló wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wà ní praimárì fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí 811,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1955. Kò rọrùn o. Owó orí tí wọ́n fi kún ti àtẹ̀yìnwá bí àwọn ènìyàn nínú, àgbẹ̀ ń bẹ̀rù pé ta ni yóò máa bá òun lé ẹyẹ lóko, ẹgbẹ́ NCNC sì na ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, mo sì ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí iye 811,000 ń sọ fún wa ni ẹni tó wọlé. Kò sọ fún wa ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Nígbà tí Lateef Jákàńdè di gómìnà Èkó ní 1979, ohun tó bá nílẹ̀ ni pé ilé-ìwé kò tó, ọmọ ń wá ní ìpín, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Ó fòpin sí i, ó kọ́ kíláàsì lọ wìtìwìtì débi pé àwọn alátakò pè é ní ilé adìyẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó jókòó nílé adìyẹ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sàn ju èyí tó ń sáré kiri àdúgbò di aago méjìlá lọ, tí oorun ti ń kùn kó tó dé kíláàsì.

Wàyí o, kí ló ń fa òdo ní Ọjọ́ta? Ẹni tó bá dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó kọjá lórí ọ̀nà Ìkòròdú ní aago méje àárọ̀ á rí ìdáhùn díẹ̀: ọmọ tó di ọwọ́ ìyá mú, báàgì rẹ̀ fẹ́ẹ̀ ga jù ú lọ, dáńfó ń fọn fèrè nísàlẹ̀, ìyá ń wo aago nítorí òun náà ní ibi tí wọ́n ti ń kọ òdo sí. Lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, tí ọdún ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, odò Ògùn á kún. Tí wọ́n bá wá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán lókè lọ́hùn-ún, Agílítì, Máìlì 12 àti apá ibi tó rẹlẹ̀ ní Kétu àti Ìkòsì á bọ́ sínú omi, ọmọ kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ààtàn Olúṣosùn náà wà nítòsí wa. Nígbà tó gbiná lóṣù kẹta 2018, èéfín rẹ̀ bo àdúgbò, ọmọ tí èémí rẹ̀ kì í dọ́gba kò lè gbé e.

Ṣùgbọ́n ìdí tó ń bí mi nínú jù kò wá láti ọ̀run, kò wá láti odò. Àgbàlagbà ló ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ilé-ìwé aládàáni ní ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n rí èyí tó lé ní 12,000. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ yàrá mélòó kan nínú àgbàlá, owó tí òbí bá san ni wọ́n fi ń san owó tíṣà. Nítorí náà, bí sáà bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ ó máa rí ọmọ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lójú títì, báàgì lẹ́yìn, wọ́n ń padà sílé. "Lọ gba owó ilé-ìwé wá." Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n rán níṣẹ́ agbowó. Ní ilé-ìwé ìjọba ńkọ́? Sálúbàtà tó já, yunifọ́ọ̀mù tí kò mọ́, owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Èmi náà ti dá ọmọ padà rí nítorí owó ẹgbẹ́. Mo kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé òun ni kò wá.

Ti géètì tí wọ́n ń tì ní aago mẹ́jọ géérégé náà wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá ń wí, pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ àkókò. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní aago, kò sì wa mọ́tò. Tó bá mọ̀ pé pàṣán ń dúró de òun lẹ́nu géètì nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ta, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láti orí ẹní, ìyá á sì ní kó sùn sílé lónìí.

Àìsàn wà lóòótọ́. Ibà ló pọ̀ jù. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná kò gbọdọ̀ lọ sí kíláàsì, kẹ́mísìtì sì kọ́ ló kàn, ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n gún un níka, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Èyí tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tí èèyi sọ lára, ilé ni kó wà. Ikun imú lásán kò tó nǹkan. Ti aràn ni àwọn òbí kì í kà sí, nítorí kì í dá ọmọ dùbúlẹ̀. Edward Miguel àti Michael Kremer ṣe ìwádìí ní Busia, ní Kẹ́ńyà, ní ilé-ìwé márùndínlọ́gọ́rin. Ìwé wọn jáde ní 2004. Níbi tí wọ́n ti fún ọmọ ní oògùn aràn, àìwá sílé-ìwé fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Àwọn onímọ̀ mìíràn tún ìṣirò yẹn ṣe ní 2015, wọ́n sì bá wọn jiyàn gan-an lórí apá kan rẹ̀, pàápàá lórí ọmọ ilé-ìwé ìtòsí tí kò lo oògùn. Lójú tèmi, oògùn tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó dúró de òpin àríyànjiyàn.

Òfin wà pẹ̀lú. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí òbí rán ọmọ lọ sílé-ìwé, kó sì rí i pé ó ń lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lè san ẹgbẹ̀rún méjì náírà tàbí kó lo oṣù kan lẹ́wọ̀n. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà kò lè sún mọ́ owó apẹ̀rẹ̀ ata kan ní Máìlì 12 lónìí. Ẹ jẹ́ ká fi òfin yẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ kò gba owó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo rẹ́jísítà níbùú ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti lọ. Orúkọ tí òdo méjì bá ti wà lórí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo pe ilé rẹ̀. N kì í bá wọn jà lórí fóònù, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, "Ta ló lè mú un wá?" Ó yà mí lẹ́nu bí ìdáhùn ṣe sábà máa ń wà nínú àgbàlá kan náà. Ti Ìyá Ìbejì, ìyá alákàrà tó wà lójúlé kejì gbà láti mú ìkejì ìbejì mọ́ra lọ́jọ́ Ẹtì títí di aago méjì. Ata rodo ni owó iṣẹ́ rẹ̀, alákàrà kì í ṣaláì nílò ata.

Èmi àti ọmọ náà, a jókòó pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà ìsinmi ọ̀sán, ọjọ́ mélòó kan tẹ̀ léra. Mo ní kó fi ọwọ́ bo ẹnu kó pe gba, kó lè mọ bí atẹ́gùn ṣe ń bẹ́ jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mú bọ́ sípò kì í ṣe àgbàdo tí mo ti ń fi ń dà á láàmú, "alágbo" ni, ó kà á lára pátákó ìyá kan tó ń ta àgbo lẹ́bàá ilé-ìwé, ó sì sáré wọlé wá sọ fún mi.

Mo ṣì ní rẹ́jísítà ọdún yẹn lọ́kàn. Ní sáà kejì, ìlà rẹ̀ lọ gbọọrọ láìsí ihò, àfi ọjọ́rú kan lóṣù kejì. Òdo wà níbẹ̀, mo sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ wẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ibà. Ìyá rẹ̀ ti pè."